Ta Ni À Ń Gé Koríko Yìí Fún?

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 29:4-10, Òwe 24:30-34

 

Ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì mi ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò rí dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ìgékoríko ń pariwo ní ilé tó tẹ̀lé ti ìjọ, a kò gbọ́ ara wa dáadáa, ni ó bá ní, "Mà, kí ni koríko yẹn ṣe fún wọn?" Àwọn ọmọ tó kù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Ẹ bá mi rò ó wò. Ènìyàn á fi owó ra koríko, á gbìn ín síwájú ilé. Á bomi rin ín nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, á da ajílẹ̀ sí i kí ó lè yára hù. Bí ó bá wá hù tán, á tún san owó kí wọ́n gé e lulẹ̀. Èyí tí wọ́n gé, wọ́n á kó o dànù. Kò sí ẹni tó jẹ nínú rẹ̀. Bí ewúrẹ́ aládùúgbò bá yà síbẹ̀, òkò ni wọ́n á fi lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì kò ní pé tí wọ́n á tún fi bẹ̀rẹ̀. Bí àgbẹ̀ kan bá ń ṣe irú èyí sí iṣu rẹ̀, àwọn ẹbí á ti pe ara wọn jọ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ilé tí a ti tọ́ mi dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, koríko kò ní ọ̀rẹ́ kankan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwa ọmọbìnrin ti máa ń dìde, oníkálukú pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. A ó wọ́n omi díẹ̀ sílẹ̀ kí eruku má baà gbéra, a ó tẹ̀ síwájú, a ó sì máa gbá a láti ẹnu ọ̀nà títí dé ojú títì. Bí a bá ṣe tán, àmì ìgbálẹ̀ á hàn lórí ilẹ̀ pupa náà ní ìlà ní ìlà, bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òòyà yà. Ìyá wa á wá jáde, á wò ó, kò ní sọ nǹkan kan. Àìsọ̀rọ̀ yẹn ni oríyìn. Ṣùgbọ́n bí ewé kan ṣoṣo bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a ó gbọ́ ọ títí di alẹ́.

Ìdí kìíní ni ejò. Ejò kò rí ibi sá sí lórí ilẹ̀ gbígbá. Ìdí kejì kò jẹ mọ́ ejò rárá: ojú àwọn tó ń kọjá ni. Àwọn àgbà ní, baálé ilé kú, ilé di ahoro. Koríko ló sì máa ń kọ́kọ́ kéde rẹ̀. Kí òrùlé tó jò, kí ilẹ̀kùn tó já, koríko á ti dé ẹnu ọ̀nà. Bí àlejò bá kọjá tó rí ilẹ̀ gbígbá, ó ti mọ̀ pé ènìyàn wà nílé, pé ẹnì kan jí ní òwúrọ̀ tó ní okun láti tẹ̀ síwájú. Ìdí nìyí tó fi ya ìyá wa àgbà lẹ́nu nígbà tó kọ́kọ́ rí ọgbà àwọn mísọ́nnárì, tí koríko tútù ti gùn dé abẹ́ fèrèsé wọn. Ó béèrè bóyá àwọn ènìyàn yìí kò ní ìgbálẹ̀ ni.

Wọ́n ní ìgbálẹ̀. Àṣà tí wọ́n ti ibòmíràn gbé wá ló yàtọ̀ sí tiwa, ó sì dára kí a mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe é lónìí láì mọ ohun tí a ń fi sọ.

Ìlú àwọn òyìnbó ọlọ́lá ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, André Le Nôtre tó ń ṣe ọgbà fún Ọba Louis Kẹrìnlá ní Versailles, lẹ́bàá Paris, tẹ́ koríko gígùn gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé títí di òní olónìí. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan dìde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Lancelot Brown, tó gbé ayé láti 1716 sí 1783. Òun ló ń bá àwọn ìjòyè tún ilẹ̀ wọn ṣe. Ó hú àwọn ọgbà òdòdó onílà kúrò, ó sì jẹ́ kí koríko gùn láti etí odò títí dé ara ògiri ilé. Kò sí ẹ̀rọ nígbà náà. Àgùntàn ló ń jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, àwọn alágbàṣe sì ń fi dòjé gígùn gé èyí tó sún mọ́ ilé ní ìdájí, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, torí pé koríko tútù rọrùn fún dòjé láti gé.

Kí ni wọ́n ń fi èyí sọ? Ẹ wo tálákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà tó ní ilẹ̀ kékeré lẹ́yìn ilé. Kábéèjì ló gbọ́dọ̀ gbìn síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ebi á pa á. Ẹni tó wá ní ilẹ̀ tí ojú kò lè wò dé òpin, tí kò sì gbin nǹkan tí ẹnu ń jẹ sí i, ń sọ fún gbogbo ayé pé òun kò nílò rẹ̀. Ó dà bí agbádá tí apá rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ẹni tó ń kọ ebè kò lè wọ̀ ọ́, ìdí rẹ̀ gan-an sì nìyẹn tí àwọn tí kì í kọ ebè fi ń wọ̀ ọ́.

Bí ó ṣe kúrò lọ́wọ́ ìjòyè nìkan ni ó dùn mọ́ mi jù. Ní 1830, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Edwin Budding, ní agbègbè Stroud ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìgékoríko àkọ́kọ́. Ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ló ti rí ọgbọ́n rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń fá irun orí aṣọ onírun àgùntàn kí ó lè jọ̀lọ̀, ó sì rò ó pé ohun tó fá aṣọ lè fá ilẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò ní agbo àgùntàn, tí kò sì ní alágbàṣe ogún, lè ní koríko bíi ti ìjòyè níwájú ilé kékeré.

Amẹ́ríkà ló wá sọ ọ́ di òfin. Ní 1870, Frank J. Scott kọ ìwé kan lórí bí ènìyàn ṣe lè mú àyíká ilé rẹ̀ lẹ́wà. Ó sọ nínú rẹ̀ pé kò bá ẹ̀sìn Krístì mu kí ènìyàn fi ọgbà igi gíga bo ẹwà ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò lójú. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, lẹ́yìn náà mo dákẹ́. Mo rántí àwọn ògiri wa, tí a mọ ga ju orí lọ, tí a tún fọ́ ìgò lé lórí. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wó ògiri rẹ̀ o. Gbogbo wa la mọ ohun tó sọ wá di ẹni tí ń mọ ògiri. Ṣùgbọ́n ìdí tí ilé wọn fi ń wà láìsí ògiri níwájú nìyẹn, tí koríko ilé kan á sì dàpọ̀ mọ́ ti èkejì bí ẹni pé onílé kan ló ni gbogbo àdúgbò. Nígbà tí wọ́n kọ́ Levittown ní New York láti 1947, ilé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún tó jọra wọn, ó wà nínú àdéhùn pé kí onílé máa gé koríko rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ní àsìkò tí ó ń hù. Ẹni tí kò bá gé tirẹ̀ ti ba ti gbogbo ènìyàn jẹ́. Ní 2005, àwọn onímọ̀ tó lo àwòrán sátẹ́láìtì ṣírò rẹ̀ pé koríko gígé ní Amẹ́ríkà gba nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 160,000, ìlọ́po mẹ́ta ilẹ̀ àgbàdo tí wọ́n ń bomi rin níbẹ̀.

Ìgbà kan wà tí Ààrẹ wọn, Woodrow Wilson, kó àgùntàn sórí koríko iwájú Ilé Funfun nígbà ogun àgbáyé kìíní. Àgùntàn ń jẹ koríko, àwọn tó ń gé e lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì ta irun àgùntàn náà ní gbàǹjo fún ẹgbẹ́ Red Cross. Owó rẹ̀ lé ní dọ́là 52,000. Ìyẹn ni koríko tó wúlò tí mo tíì gbọ́ nípa rẹ̀ láàárín gbogbo rẹ̀.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ tiwa? Ẹ̀rù ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń ṣèjọba bẹ̀rù ibà, wọ́n sì gbà pé ara àwa ọmọ ilẹ̀ ni ẹ̀fọn ti ń gbé e wá bá wọn. Lábẹ́ Lugard, pẹ̀lú òfin ìlú ti 1917, àdúgbò òyìnbó gbọ́dọ̀ jìnnà sí ti àwọn ènìyàn dúdú ní yáàdì 440, láìsí ilé kankan láàárín. Ilẹ̀ àárín yẹn kò kúkú ṣófo: ní ọ̀pọ̀ ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù, tí wọ́n sì ti ń sá eré ẹṣin. Koríko kúkúrú, tó mọ́, tó tutù lójú, ló wá di ààlà. Àwọn bàbá wa tó kó ọjà lọ sí òkè Ọya, Sabon Gari ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń wo koríko yẹn láti òkèèrè. Nígbà tí òmìnira dé tí àwọn ènìyàn wa wọ ilé GRA, wọ́n jogún koríko pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Kò sí ẹni tó dúró béèrè ìdí rẹ̀. Ipò ni wọ́n rí nínú rẹ̀, ipò náà sì ni.

Koríko náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó jọ tiwa. Èyí tí a ń pè ní carpet grass, ilẹ̀ olóoru ní Amẹ́ríkà ló ti wá. Bahama grass wa, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Bermuda, ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tó ti ń hù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilé ni, orúkọ àlejò ló ń jẹ́. Koríko tí wọ́n sì fi orúkọ Kentucky pè, ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti gbé e wá síbẹ̀. Gbogbo wọn ló ti ta gbòǹgbò síbi tí a gbé wọn dé.

Jẹ́ kí n wá sọ ti Jos, níbi tí a ń gbé, tí mo sì ti bí gbogbo ọmọ mi.

Ìjọ wa ní ilẹ̀ tó gbòòrò níwájú, títí dé ojú títì. Àwọn oníṣòwò láti ọ̀dọ̀ wa ló dá ìjọ náà sílẹ̀, bí wọ́n ti dá ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní gbogbo òkè Ọya, wọ́n sì gbin koríko síbẹ̀ kí n tó dé. Ní oṣù kẹsàn-án 2001, nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Jos, ọ̀pọ̀ nínú wa kó ẹrù sínú ọkọ̀, a forí lé ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó bá mọ Jos mọ̀ pé òjò ṣì ń rọ̀ dáadáa ní oṣù kẹsàn-án. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, koríko á ti dé orúnkún. Bàbá tó ń tọ́jú ọgbà ìjọ kò lọ síbi kankan. Kò sí epo, ẹ̀rọ náà kò sì ṣiṣẹ́. Ó mú àdá, ó ń gé díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀, láti ojú títì wọnú. Kò sí ìsìn, kò sí ẹni tó ń san owó oṣù fún un, kò sì sí ẹni tó rán an níṣẹ́.

Obìnrin Berom kan wà tó máa ń ta kósé ní òdìkejì títì. Òun ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo padà dé. Ó ní ní gbogbo àárọ̀ ni òun ń wo iwájú ìjọ wa. Ó ní àwọn ènìyàn ń sọ pé àwọn Yorùbá ti lọ pátápátá, pé wọ́n á ta ilẹ̀ náà. "Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ń gé koríko," ó wí, "mo sì mọ̀ pé ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀." Nítorí náà ó padà wá dáná kósé rẹ̀. Ó bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ó dáná.

Mo ti ka Òwe 24 lọ́pọ̀ ìgbà ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ọlọ́gbọ́n náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ọ̀lẹ, ó rí ẹ̀gún tó ti bò ó, ó rí ògiri òkúta tó ti wó. Kò bá olóko pàdé, kò bá a sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ló bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí n kò kíyè sí tẹ́lẹ̀ ni pé ilẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń kọjá, yálà a fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí a kò fẹ́. Ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun kò ní ebi. Lugard ní kí ẹ dúró sí ọ̀hún. Bàbá tó mú àdá sọ pé a ṣì wà níhìn-ín. Koríko kan náà ni o.

Nítorí èyí ni ọ̀rọ̀ ilé wa ní ìlú fi ń jẹ mí lọ́kàn. Bí ẹ bá wọ Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, ẹ ó rí wọn: ilé alájà, gééètì onírin, kọ́kọ́rọ́ ńlá lára rẹ̀, koríko iwájú rẹ̀ sì mọ́ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Àwọn onílé wà ní Kánò, wọ́n wà ní Kàdúná, wọ́n wà ní Maiduguri àti Port Harcourt. Alángbá nìkan ló ń gbé ibẹ̀ láti oṣù kìíní dé oṣù kọkànlá. Oṣooṣù ni owó ń lọ fún ẹni tó ń gé koríko, kí ará àdúgbò má baà sọ pé ilé lágbájá ti di ahoro. Ilẹ̀ náà ń sọ pé onílé wà nílé. Onílé kò sí nílé.

Níhìn-ín tí a ń jí, tí a ń sùn, tí a ń bímọ, tí a ń sìnkú, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa ni pé, "Ṣé ilé bàbá mi ni?" Gọ́tà dí, ilé bàbá ta ni? Igbó dé ẹnu ọ̀nà, kí láńdílọ́ọ̀dù wá gé e. Òótọ́ ni pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n àjò wo ló ń lo ogójì ọdún?

Ẹ wo lẹ́tà tí Jeremáyà kọ sí àwọn tó wà nígbèkùn ní Bábílónì. Ní orí kejìdínlọ́gbọ̀n, Hananáyà ti sọ fún àwọn ènìyàn pé ọdún méjì péré ni, gbogbo wọn á padà sílé. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ kò ní tú ẹrù rẹ̀. Jeremáyà ní àádọ́rin ọdún ni. Ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbé inú rẹ̀, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì jẹ èso rẹ̀, kí wọ́n máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tó kó wọn lẹ́rú. Ẹ kíyè sí i pé ọgbà tó ní ká gbìn kì í ṣe ti ojú lásán. Jíjẹ wà nínú rẹ̀. Mo sì fẹ́ràn pé kò sọ fún wọn pé ilé kò sí mọ́. Ó sọ fún wọn pé wọ́n á padà. Ó kàn ní kí wọ́n má jókòó ti ẹrù dídì.

Ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀ nínú ìpàdé ìjọ wa láìpẹ́. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó epo ẹ̀rọ ìgékoríko ti di ohun tí akápò ń fi ìmí ẹ̀dùn kà. Ẹ mọ̀ wá, àwa Onítẹ̀bọmi: kò sí ohun kékeré nínú ìpàdé ìjọ. Àwọn kan ní kí a fi koríko sílẹ̀ kí a fi owó náà ran àwọn opó lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a ro gbogbo ilẹ̀ náà, kí a gbin pọ̀tétò àti àgbàdo, ìlú tó jẹ́ pé pọ̀tétò àti kárọ́ọ̀tì rẹ̀ ni gbogbo Nàìjíríà ń rà. Díákónì kan ní ilé Ọlọ́run kì í ṣe oko.

Ni bàbá kan bá dìde. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kumasi ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi kọ́lé síbẹ̀, ó gbin ọsàn síwájú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọsàn yẹn ti ń so nígbà tí a ń gun ọkọ̀. Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbin nǹkan sí ilẹ̀ onílẹ̀."

Gbogbo ilé dákẹ́. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò ní ẹbí tó ti Gánà dé lọ́dún náà, pẹ̀lú àpótí kan tàbí láìsí rárá.

Pásítọ̀ wa rọra dáhùn. Ó ní, "Bàbá, àwọn ìjọ tí àwọn ènìyàn wa dá sílẹ̀ ní Gánà kò kú. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ló ń sìn nínú wọn lónìí. Wọ́n wà lára ìpìlẹ̀ iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi ní Gánà. Ohun tí ẹ gbìn ṣì ń so."

Bàbá ní, "Mo mọ̀. Àwọn ló ń jẹ ẹ́. Èmi ńkọ́?"

N kò tíì rí èsì sí ìyẹn, Pásítọ̀ náà kò sì ṣe bí ẹni tó rí i. Lẹ́yìn tí ó jókòó, obìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kàn gbé ọwọ́ lé e ní ejìká. Àádọ́ta ọdún ó lé, ọsàn yẹn ṣì wà lójú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń wàásù Jeremáyà 29 fún àwa ará ìdálẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ wàásù rẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé irú Bàbá yìí wà lórí ìjókòó. Ẹni tí wọ́n ti lé kúrò lórí ilẹ̀ tó gbìn rí, ìgboyà ló ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ nígbà tó bá tún mú ọkọ́.

Èrò tèmi ni pé kí a má fi iwájú títì sílẹ̀. Mo sọ ọ́ nínú ìpàdé náà. Mo ní obìnrin oníkósé ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń wò wá. N kò kórìíra koríko tútù. Máàkù, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò gbàgbé láti sọ fún wa ní orí kẹfà pé orí koríko tútù ni Jésù ní kí wọ́n jókòó sí nígbà tó fẹ́ bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn. Kò sí ẹni tó gbé pákó kalẹ̀ níbẹ̀ pé kí wọ́n má tẹ koríko mọ́lẹ̀.

Ibi tí ìpàdé já sí nìyí: ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á wà bí ó ti wà, àwọn ọkùnrin á sì máa fi àdá gé e ní Sátidé kejì nínú oṣù. Ẹ̀yìn, láti ibi kànga lọ, di ti ẹgbẹ́ W.M.U. fún oúnjẹ àwọn opó. Bàbá Kumasi kò dìbò sí ọ̀nà kankan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a kọ ebè àkọ́kọ́, ó wá, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, ó ní a kọ ọ́ sún mọ́ ara wọn jù.

Mo wá pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí ilé tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí Màámi ti lọ ni gbogbo àwa ọmọ ti ń dá owó jọ fún ẹni tó ń gé koríko rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí a fún ìyàwó aládùúgbò yẹn láyè kó gbin àgbàdo síwájú ibẹ̀. Ó ní ọmọ mẹ́rin, kò sì ní ilẹ̀." Wọ́n bínú sí mi gan-an. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa kọjá kí wọ́n máa sọ pé àwọn ọmọ Màámi ti kú tán ni. Mo ní àwọn ènìyàn á rí ọmọ mẹ́rin tó ń sáré láàárín àgbàdo, wọ́n á sì mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ẹlòmíràn kọ́. Wọ́n pa fóònù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi gbé ìpè mi. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n pè fúnra wọn, wọ́n ní kò burú, àmọ́ kí obìnrin náà máa gba ẹnu ọ̀nà dáadáa láràárọ̀, láti ibi àtẹ̀gùn dé gééètì, kí ìlà ìgbálẹ̀ sì máa hàn. Àgbàdo náà ti yọ irùkẹ̀rẹ̀ báyìí. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí wọ́n fi mẹ́fà pamọ́ fún àwọn nígbà tí àwọn bá wá sílé ní oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí ó gbó jù.